Ìwé Olójú-Ewé Mẹ́rìnlá tí Wendell Hauck Kọ sí Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́

Bí ẹ bá gba àárín Harrow Creek, ìlú kékeré kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, kọjá láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, imú yín ni yóò kọ́kọ́ jẹun. Gbogbo ilé ló ń se ápù. Wọn a gbé ìkòkò bàbà ńlá sí ẹ̀yìnkùlé, wọn a koná igi sábẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa rò ó láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, títí ápù yóò fi dúdú, tí yóò ki, tí yóò ṣeé fi pa búrẹ́dì ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹni tó bá fi rírò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, ìdí ìkòkò rẹ̀ a jóná, ẹ̀gàn rẹ̀ a sì dé ilé kẹta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Corinne Hauck kò fi rírò sílẹ̀. Odessa ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dessa, jókòó lórí garawa tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ó ń ka ìwé tí ìyá àgbà fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ápù náà.

"I-i-ife ṣúgà m-mẹ́ta àti ààbọ̀," ni Dessa kà.

"Ìkòkò tiwa tó méjì tìyá àgbà. Ife mélòó la máa dà sí i?"

Dessa wo òkè, ó wo ilẹ̀. "M-m-méje."

"Wá dà á, kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nítorí pé wọ́n ń kán an lójú ni Corinne ṣe mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ hùmọ̀ eré kan: bí Dessa bá dìde láti kàwé, tí ọ̀rọ̀ sì há a lẹ́nu, wọn a máa fi ìka lu tábìlì, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi bọ́. Ẹni tó bá ti sọ iye rẹ̀ ṣáájú ló jẹ. Olùkọ́ ní ọmọdé ni wọ́n, eré ni wọ́n ń ṣe. Dessa bá pa ẹnu rẹ̀ dé nílé àti ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Corinne ń ka ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ó ní ọmọ òun kò tún padà síbẹ̀ mọ́, òun fúnra òun ni yóò máa kọ́ ọ nílé.

Ìpinnu ti Corinne nìyẹn. Ariwo tó tẹ̀ lé e, ti Wendell ọkọ rẹ̀ ni.

Èèyàn dáadáa ni Wendell Hauck. Ó mọ iṣẹ́ ilé-pákó bí ẹni mọ ọ̀nà ẹnu rẹ̀, kì í mutí kọjá ìwọ̀n, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé ìdí. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti òmìnira. Àwọn ọ̀rọ̀ òmìnira tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé kò rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Òun náà ló ń bọ̀ láti ibi àpótí lẹ́tà ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, tó ń fi ìwé kan fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ nínú òtútù.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Mo sọ fún ọ. Àwọn oníjọba ti bẹ̀rẹ̀."

"Kà á," ni Corinne wí. Kò dáwọ́ rírò ápù rẹ̀ dúró.

Wendell kà á. Ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Harrow Creek ló kọ ọ́. Wọ́n ní Odessa Hauck ti pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìsí ìdí tí òfin mọ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ìwé ìbúra kankan gbà tó fi hàn pé wọ́n ń kọ́ ọmọ náà nílé. Kí àwọn òbí rẹ̀ wá sí ìpàdé ní ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́wàá. Kí ọmọ padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti adájọ́ àdúgbò.

Dessa gbé ife ṣúgà kejì sílẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn pa ẹnu rẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ sì rí bó ṣe pa á dé.

"Wọn ò rí ìwé gbà?" ni Wendell ń wí. "Èmi tí mo kọ ojú ewé mẹ́rìnlá?"

"Wendell, fọ́ọ̀mù tí mo gbà wá láti ilé-ìkàwé ńkọ́? Èyí tí mo ní kí o bá mi fi ránṣẹ́?"

"Ìwé ìtọrọ àánú nìyẹn. Mi ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó kọ́ ọmọ tí mo bí."

"Ṣé o fi ránṣẹ́ àbí o ò fi ránṣẹ́?"

"Mo fi èyí tó dára jù ú lọ ránṣẹ́."

Gbogbo Harrow Creek ló mọ èyí tó dára jù ú lọ. Níbi oúnjẹ àárọ̀ tí àwọn panápaná máa ń sè ní gbọ̀ngàn wọn, Wendell ti gun orí àga, ó sì ka Ìkéde Òmìnira Ilé Hauck láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí páńkéèkì àwọn èèyàn ń tutù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, àwọn tó pọ̀ jù sì pàtẹ́wọ́ nítorí pé ó parí. Wendell kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó kán ìda àbẹ́là pupa sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó tẹ àtàǹpàkò sí i, ó sì fi ránṣẹ́.

"Dessa," ni Corinne wí, "wá máa rò ó. Má jẹ́ kó jóná. Wendell, wọ ẹ̀wù tó mọ́. À ń lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Strickler."

"Kí n lọ ṣe kí ni lọ́dọ̀ arúgbó yẹn?"

"Kí ó ka ìwé rẹ. Ṣebí o fẹ́ kí wọ́n máa kà á."

Wọ́n bẹ aládùúgbò kan kó bá wọn wo ọmọ àti ìkòkò, wọ́n sì lọ.

Philippa Strickler ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní ìwé-àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ títí di òní. Ní báyìí, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé ní agbègbè náà máa ń gbé fáìlì iṣẹ́ ọmọ wọn lọ bá ní ìparí ọdún kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdajì ìlú ló ti bá wí rí, kò sì gbà pé ọjọ́ orí ti mú ìdajì náà kúrò lábẹ́ ìbáwí.

Ó gba ẹ̀dà Ìkéde náà tí Wendell tọ́jú, ó gbé gíláàsì sójú, ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì kà á. Kò fo ojú ewé kankan. Wendell jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ fún ibi tí omijé yóò ti yọ.

Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé.

"Mo ti ka gbogbo rẹ̀," ni Ìyáàfin Strickler wí. "Mo ti gbọ́ gbogbo ìyà tí ọba England fi jẹ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

"Odessa ni. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì ńkọ́? Fi ibi tí o kọ orúkọ rẹ̀ sí hàn mí."

Wendell gba ìwé. Ó ṣí ojú ewé kìíní, ó ṣí ìkẹta, ó fi ìka tẹ ojú ewé kẹsàn-án. "Ó wà níbí. 'Irú-ọmọ ara mi, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.'"

"Mo béèrè orúkọ."

Corinne na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó sì fara balẹ̀ wò ó fúnra rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ó rí orúkọ Wendell ní ìgbà mẹ́tàdínlógójì. Kò rí Dessa níbì kankan. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún," ló wí. "Ọmọ mi ti ń kàwé sókè láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n sì fẹ́ dá a padà síbi tí wọ́n ti ń lu tábìlì fún un, nítorí ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀."

Wendell mú ìwé náà, ó sì ká a wọ àpò.

"Ẹ má jẹ́ ká sunkún sórí tábìlì mi," ni Ìyáàfin Strickler wí. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ní Pennsylvania níbí, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ́ ọmọ yín nílé. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ìwé ìbúra yẹn, kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ. Ẹ ń sọ fún wọn ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò kéré, Wendell. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lójú ọ̀nà tó jẹ́ tirẹ̀ náà ṣì máa ń tan iná ọkọ̀ kí àwọn mìíràn lè rí i."

"Tí mi ò bá wá sọ fún wọn ńkọ́? Èmi kì í ṣe ẹrú."

"Tí o ò bá sọ fún wọn, ojú kan náà ni òfin fi ń wo ọmọ rẹ àti ọmọ tó ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ pẹja. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Ṣé nítorí pé o gun àga?"

Corinne ti yọ bírò. "Kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, Ìyáàfin?"

"Ojú ewé kan tó o. Méjì tí ìkọ̀wé rẹ bá tóbi. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó máa mójú tó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà fóònù. Pé ẹ máa kọ́ ọ ní gbogbo iṣẹ́ tí òfin kà sílẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kó mọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní ṣókí. Ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àbí ìdí tí òfin gbà tí kò fi gbà á. Pé kò sí àgbàlagbà nílé yín tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi irú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ burúkú kan láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ búra sí i níwájú ẹni tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ẹ fi lé ọ́fíìsì lọ́wọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ tó kọjá."

"Àwọn iṣẹ́ tí òfin kà sílẹ̀ náà, kí ni wọ́n?"

"Kíkà àti kíkọ, ìṣirò, ìtàn, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ojúṣe ọmọ ìlú, sáyẹ́ǹsì, ìlera, orin, àwòrán, eré ìdárayá. Àti iná. Òfin dìídì dárúkọ iná àti bí a ṣe ń dènà rẹ̀."

"Dessa ló wà nídìí iná lọ́wọ́ lọ́wọ́," ni Wendell wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Lónìí. Ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ́dún ni ẹ máa kọ́ ọ, àbí ẹgbẹ̀rún wákàtí ó dín ọgọ́rùn-ún fún ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìwé wo ló kà, kí ẹ sì tọ́jú díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ iṣẹ́ ọdún kan. Bírò kan náà ni, àbàwọ́n kọfí kan náà ni, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù karùn-ún. Mi ò ní fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni. Ní ìparí ọdún, olùyẹ̀wò á bá ọmọ sọ̀rọ̀, á wo fáìlì rẹ̀, á kọ̀wé pé ẹ̀kọ́ tó yẹ ń lọ. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà tó pé. Ìdánwò gbogbogbòò tí òfin gbà sì wà ní kíláàsì kẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹjọ. Kíláàsì kẹrin ni Dessa wà, nítorí náà kò sí ìdánwò fún un lọ́dún yìí. Kó di ọdún tó ń bọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin òbí ló máa darí rẹ̀."

Corinne ń kọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń kó aṣọ wọlé kí òjò tó dé.

"Ó ku ìlà kan," ni Ìyáàfin Strickler wí. "Ẹni tó bá máa mójú tó ẹ̀kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí girama, àbí ohun tó bá a dọ́gba."

Wendell dìde. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó ń wo igi méple tó wà níta bí ẹni pé igi náà jẹ ẹ́ ní àlàyé.

Corinne wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti jọ ń sùn nílé kan. Ó mọ̀ pé Wendell kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ilé-pákó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbogbo ayé ló mọ̀. Ohun tí Corinne kò tíì mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nínú rẹ̀.

"Wendell," ló wí. "Ṣé ìlà yẹn ni?"

"Mo ti ń kọ ọ́ dáadáa," ni Wendell dáhùn, kò sì yí ojú padà. "Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀. Mo wá dé ìlà yẹn. Mo jókòó síbẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tí mo fi mu kọfí méjì. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn."

"Ojú ewé mẹ́rìnlá nítorí ìlà kan," ni Ìyáàfin Strickler wí, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. "Ọmọ mi, òfin kò ní kí ẹ̀yin méjèèjì ní in. Corinne gba tirẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ṣe ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, mo wà níbẹ̀. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kí ìwọ máa kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn pákó. Ìṣirò ni."

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n kọjá afárá.

"Tíṣà wa máa ń ka máàkì mi sókè," ni Wendell wí. "Kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Mo búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi."

"Ó sì fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí i báyìí. Ìwọ lo fẹ́ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Nígbà náà, tí a bá débẹ̀ ní Túsìdeè, èmi ló máa sọ̀rọ̀."

Wendell wo títì. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdeè, Corinne kọ ìwé náà, ojú ewé kan àti ààbọ̀, ó sì búra sí i ní ilé ìfowópamọ́ níwájú ọmọbìnrin tó ní òǹtẹ̀. Ní ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Dessa wà láàárín wọn pẹ̀lú fìlà onírun rẹ̀ tí kò fẹ́ ṣí.

Ọ̀gbẹ́ni Lyle Burkett ló pè wọ́n wọlé, òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ. Fọ́tò mẹ́rin ló wà lára ògiri rẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ ẹnìkan lọ́wọ́, ó sì ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò.

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ jókòó," ló wí. "Ọ̀gbẹ́ni Hauck, mo ka ìwé yín. Àwa tó wà lọ́fíìsì kà á fún ara wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán."

Wendell di apá àga mú.

"Ìwé yẹn kọ́ la wá fún," ni Corinne wí. Ó gbé ìwé ìbúra síwájú rẹ̀. "Èyí ni."

Ọ̀gbẹ́ni Burkett kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì mú ìwé mìíràn jáde, ó nípọn, orúkọ rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. "Fọ́ọ̀mù tí à ń lò níbí nìyí, ìyáàfin. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ẹ máa kọ yàrá tí ọmọ ń jókòó sí láti kàwé, àti ohun tó ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa mú fáìlì rẹ̀ wá lóṣooṣù. Ojú ewé kẹjọ ni ẹ ti gbà pé kí a wá wo ilé yín. Tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí mo sì fọwọ́ sí i, ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Burkett, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Nínú òfin. Mo ti kà á láti àná. Mo rí ibi tó ti ní kí n sọ fún yín. Mi ò rí ibi tó ti ní kí ẹ gbà fún mi."

"Àṣà ọ́fíìsì wa ni."

"Àṣà yín dára fún yín. Òfin ni mo wá tẹ̀ lé."

Ọ̀gbẹ́ni Burkett rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó wà nínú fọ́tò. "Ìyáàfin Hauck, gbogbo òbí tó wá síbí ló ń kọ ọ́."

"Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé wọn ò ní láti kọ ọ́. Olùyẹ̀wò ló máa wo fáìlì ọmọ mi, ìwé rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ yín kí oṣù kẹfà tó parí. Tí ọ̀gá yín bá rí ìdí tó ṣe gúnmọ́ tó fi rò pé a ò kọ́ ọ bó ṣe yẹ, kó fi lẹ́tà tí a máa fọwọ́ sí kí a tó gbà á ránṣẹ́. A ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti mú ìwé olùyẹ̀wò wá. Ilé mi, òfin ẹ̀kọ́ ilé kò fún yín láṣẹ láti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ápù, ẹ lè wá. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ mí wò, rárá."

Ọ̀gbẹ́ni Burkett yí sí ọmọ. Ó mú ìwé ìtàn kan lórí pẹpẹ, ó ṣí i, ó sì tì í síwájú rẹ̀. "Kò burú. Jẹ́ kí n kàn gbọ́ bí o ṣe ń kàwé, ọmọ dáadáa. Ìlà mẹ́ta péré. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ń lọ nílé."

Ó wá ń fi ìka lu tábìlì bó ṣe ń dúró. Kò mọ nǹkan kan nípa eré kíláàsì yẹn. Ọwọ́ ẹni tí kò mú sùúrù ni. Ṣùgbọ́n Corinne rí i pé ejìká Dessa gòkè. Wendell náà rí i, ó sì ti ń dìde. Corinne gbé ọwọ́ lé e lápá.

Dessa wo ìka náà. Ó wo ìwé. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"M-m-m," ló wí, ó sì dúró. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ó tún gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kán ara rẹ̀ lójú. "M-m-mi ò ní k-kà á. K-kì í ṣe ọ́fíìsì yín ni m-mo ti ń kàwé."

Ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ọ̀gbẹ́ni Burkett kó ìka rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí i pé ẹ ti gbà á," ni Corinne wí, "kí ẹ sì fún mi ní ẹ̀dà. Mo máa dúró."

Ọ̀gbẹ́ni Burkett mú ìwé ìbúra náà, ó jáde lọ pe agbẹjọ́rò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà, etí rẹ̀ pọ́n, òǹtẹ̀ sì ti wà lórí ìwé. Ó da fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀, ó sì rọra tì í bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Èyí kan ọjọ́ òní lọ síwájú," ló wí. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún tó ti kọjá, n ò lè pa á rẹ́."

"A ò ní kí ẹ pa á rẹ́," ni Corinne wí. "Ẹ̀bi tiwa ni."

"Ẹ̀bi tèmi ni," ni Wendell wí. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti aago mẹ́wàá. "Ìyàwó mi gbé ìwé tó tọ́ lé mi lọ́wọ́, èmi ni mi ò fi ránṣẹ́. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sí i. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ."

"Wendell, pẹ̀lú L méjì?"

"Méjì. Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Ní oṣù kọkànlá, ó lọ síwájú adájọ́ àdúgbò. Adájọ́ béèrè bóyá ó ní nǹkan sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ fara ti ẹ̀yìn àga, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wendell ní òun kò ní nǹkan sọ ju pé òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó san owó ìtanràn, ó san án. Dessa kò padà sí kíláàsì tí wọ́n ti ń lu tábìlì. Nígbà tí òjò dídì fi bo ọ̀nà, ó ti ka ìwé mọ́kànlá sókè, ìyá rẹ̀ sì ti kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, tàbí tí ẹ ń rò ó, ọ̀rọ̀ yín la ń sọ. Ní Pennsylvania, kò sẹ́ni tí ẹ ní láti bẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ ní láti sọ fún ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ agbègbè yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé tó ní ohun tí òfin béèrè. Ẹ má fi ìwé ìbínú rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbà pé ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀ tàbí aládùúgbò tó ń pàtẹ́wọ́ ti ṣe é fún yín. Bí ohun kan nínú ìwé náà bá ń tì yín lójú, ẹ béèrè kí ẹ tó sá fún un. Ó ṣeé ṣe kí òfin má tilẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ ọ ní tòótọ́. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá olùyẹ̀wò tó ní ẹ̀tọ́ sí i kí ọdún tó pin, ẹ má sì gbàgbé ọdún ìdánwò. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ láti mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ wà nípò onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ìlà òfin tó sọ ọ́. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kọ orúkọ sí ohun tí ẹ kò kà. Ẹ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ gbogbo ìwé tí ẹ bá fi sílẹ̀. Lẹ́tà tó bá sì wá láti ọ́fíìsì tàbí ilé-ẹjọ́, ẹ dá a lóhùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá, ì báà jẹ́ pé inú ń bí yín.

Ẹ rántí pé òfin ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ti èkejì. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń béèrè díẹ̀ ju tiwa lọ, àwọn ibì kan ń béèrè púpọ̀ sí i, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò sì gbà á rárá. Ibi yòówù tí ẹ bá ń gbé, òfin ibẹ̀ ni kí ẹ kà, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò ní kíláàsì.

Ẹni tó bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán, tó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ló lè dúró níwájú tábìlì ẹnikẹ́ni kó sọ pé rárá, kí rárá náà sì dúró.